Ẹ̀gẹ́ Tí Teofíla Rin

Lẹ́yìn ilé alájà àwọn Àgùdà l'Ájàṣẹ́,
èyí tí ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja,
à ń rin ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́
nígbà tí àwọn ará Mẹ́rì mú un wọlé:
obìnrin kan tó dúdú bí èmi,
tó ṣe jọ̀kọ̀tọ̀ bí àbúrò mi Jẹnofẹ́fà,
tí kò mọ ohun tí à ń pè ní "ẹ kú iṣẹ́".

Wọ́n ní ọmọ wa tó sọnù ló dé.
Wọ́n ti kọ orúkọ sínú ìwé dè é, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i:
Tòkunbọ̀.
Ọ̀gá wọn wú ikọ́, ó pòwe,
pé odò kì í ṣàn kó gbàgbé ìsun rẹ̀.

Paskáàlì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń túmọ̀,
torí ó kọ́ èdè Sípéènì nílé ìwé.
Obìnrin náà gbọ́, ó mi orí, ó ní:
"Odò méjì tó pàdé ńkọ́?
Ìsun èwo ni kó rántí?
Mi ò ti òkun bọ̀, ẹ̀yin ará ibí.
Inú òkun la ti bẹ̀rẹ̀."

Ó wá ròyìn, ẹnu Paskáàlì ò fẹ́ẹ̀ lè bá a:
ọkọ̀ ẹrú fọ́ létí erékùṣù kan;
àwọn tó wẹ̀ yọ bá onílẹ̀ gbé,
wọ́n fẹ́ra, wọ́n bímọ, wọ́n gba èdè onílẹ̀ sẹ́nu.
Òyìnbó dé, ó fẹ́ ilẹ̀ yẹn,
ó kó wọn lọ dà sí èbúté mìíràn
bí ẹni da omi ẹ̀gẹ́ nù.
Ìyá ńlá rẹ̀ kan di igi ẹ̀gẹ́ mẹ́ta mọ́ ìbàdí lábẹ́ aṣọ.
Méjì kú sínú ọkọ̀.

Ìgbà tó sọ ti igi ẹ̀gẹ́ ni mo tún un wò.
Mo ti àpótí sí i.

Ó mú páànù tí a fi ìṣó dá lu, ó rẹ́rìn-ín.
Ti ìlú tirẹ̀, pákó ni,
òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò sí i bí eyín ọmọdé.
Ó rin títí ọ̀kan bọ́ lára ìka rẹ̀,
ó fi í sẹ́nu, ó tún ń rin.
Ó wá ohun tí yóò fi fún un, kò rí i:
ohun gígùn kan tí wọ́n hun bí òjòlá,
tí wọ́n ń so kọ́ igi, tí wọ́n ń jókòó sí ìrù rẹ̀.
Àpò àti òkúta la ní. Ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé ìdí agbada.
Mo da ẹ̀gẹ́ sí i, mo gbé igbá kékeré, mo fẹ́ máa rò ó.
Ó di ọwọ́ mi mú.
Má rò ó! Èyí ò nílò ògbufọ̀.
Ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́,
ó ń wò ó bí ẹ̀ṣọ̀.
Ohun tí èmi ń tú ká lójoojúmọ́ ayé mi
dìpọ̀ mọ́ra, ó di àkàrà ńlá, ó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò.

Bí a ti ń dúró dè é kó gbẹ,
mo fi ìbòjú Búríyàn baba wa hàn án,
ojú funfun, irun orí imú rẹ̀ dúdú.
Ó kígbe. Àwọn náà ń gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ wọ̀
ní ìgbà Kérésì, ẹsẹ̀ wọn á máa ró fún owó ẹyọ.
A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́,
ẹrú tó fi ojú ọ̀gá ṣe eégún.

Mọ́tò Mẹ́rì ń fọn fèrè níta.
Ó bù mí ní ìlàjì, ó lọ.
Ó gbẹ, ó le, kò dùn tó gàrí mi, n kò ní purọ́.
Ìwé orúkọ wà lábẹ́ òkúta àpò,
omi ẹ̀gẹ́ ti mu ún, Tòkun nìkan ló ṣẹ́ kù.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń yan gàrí,
ọwọ́ mi á dúró díẹ̀ lórí agbada.
Jẹnofẹ́fà á ní, kí ló dé, ó ń jóná o.